Ààmì Kan Lórí Omi

Òjò Portsmouth kì í rọ̀, ó kàn ń dúró sójú afẹ́fẹ́
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá sọ.
Láti ojú fèrèsé àjà kẹta mo ń wo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì
tí àwọ̀ wọn dà bí eérú tí omi dà sí.
Ọ̀kan ṣíkọ̀ láàárọ̀; ọmọ kékeré kan ń juwọ́ sí i
láti orí odi òkúta, ìyá rẹ̀ di fìlà rẹ̀ mú.

Òkun mìíràn ni tèmi.
Inú kọ̀ǹpútà ló wà, búlúù, kò lóòórùn,
láti Dàkáà títí dé Lùáńdà,
ọkọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju èèrà lọ.
Iṣẹ́ mi ni kí n kà wọ́n:
èyí tó gbé epo, èyí tó jí epo,
èyí tó pa iná ara rẹ̀ lọ́gànjọ́
tó sì jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Ìwé tí à ń kọ ti lé ní igba ojú-ewé:
bí ìjọba mẹ́sàn-án ṣe lè jọ ṣọ́ omi kan.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà:
mo túmọ̀ rẹ̀ sí ojú-ewé kìíní,
Gethin fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i lábẹ́, ó bi mí:
Àyà ta ni?
Mi ò tíì rí èsì.
Torí bí ọkọ̀ olè bá kọjá ààlà lóru,
ẹni tó ń lé e á dúró, á pe aládùúgbò lórí rédíò,
aládùúgbò á ní kí wọ́n kọ lẹ́tà,
kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní Faransé.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Bélú,
àbúrò mi wà lára àwọn èèrà yẹn.
Akíntìmẹ́hìn, ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá, tó lúwẹ̀ẹ́ kó tó rìn.
Mo mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n.
Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú
ààmì náà kú.

Mo ti tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí ojú mi bá rí
ẹnu mi kò ní sọ ọ́.
Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú wọn,
pé kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ;
ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò jókòó rí
níwájú omi tó gbé ọmọ ìyá wọn mì,
kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì.

Gethin gbé tíì wá, kò béèrè nǹkan kan.
Ó ti ṣe atukọ̀ ogun rí, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́.
Ó ní, "Lọ́dún tí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ wa,
orí rédíò ni ìyá mi ti gbọ́ ọ, ní Swansea,
ó ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́.
Ó bó gbogbo àpò náà tán."
Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó kọ etí rẹ̀ tó gbọ́ràn sí mi.

Akin tì mí lẹ́yìn, ohun tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn.
Lóru ọjọ́ náà, ta ló ń ti ta lẹ́yìn?
Èmi tí mo wà ní ẹgbẹ̀rún máìlì mẹ́ta,
nínú síwẹ́tà, pẹ̀lú àwòrán láti ojú ọ̀run,
tí mi ò lè ti ọkọ̀ kan sún tó ìwọ̀n èékánná?

Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ààmì náà là bí ojú ọmọ tuntun,
ní ìwọ̀-oòrùn ibi tó ti sọnù.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìsọfúnni dá dúró díẹ̀.
Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mo kọ "díẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pè lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀rọ iná ló bàjẹ́, ó ní,
àwọn jókòó sínú òkùnkùn, àwọn ń jẹ bisikíìtì,
ọ̀gá àwọn ń hanrun.
Mo ní, "Ṣé lóòótọ́?" bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.
"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ sanwó fún yín lọ́hùn-ún?"
Mo ní, kíkà. Mo ń kà.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé kì í tán láyé yìí ni?"
Mo jẹ́ kó rò pé ìwé ni.